Ohun Tó Kù Lẹ́yìn Tí Wọ́n Fagi Lé Jọ́nà: Ìṣẹ̀lẹ̀ Ilé Ìkàwé Kan ní Yábàá

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2024, gbogbo jọ́nà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní apá Yábàá ń kà lórí ojú òpó atẹ̀wé ńlá kan ni wọ́n tì mọ́ wọn lójú. Kì í ṣe ti ọdún 2024 tí wọn ò sanwó rẹ̀ nìkan. Wọ́n ti 2023, wọ́n ti 2019, wọ́n ti 2014 tó jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n san. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ àkọlé àpilẹ̀kọ, ojú ewé tó ń béèrè dọ́là ló ń pàdé. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn ló béèrè ìbéèrè tó da gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀: "Ṣé owó tá a san lọ́dún 2016 náà ti wọgbó ni?"

Wọ́n pè mí láti ilé ìkàwé mìíràn kí n bá wọn wo ìwé àdéhùn, nítorí ẹ̀ka jọ́nà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, atẹ̀wé, tàbí ajẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn. Iye tí wọ́n ń san náà, n ò ní sọ ọ́. Ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ iye owó síta, ohun kan náà tó ń jẹ́ kí atẹ̀wé lè pe owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ilé ìkàwé méjì tí wọ́n jọ wà ní ìlú kan náà láìsí ẹni tó máa mọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi fagi lé e kò ṣòro rí. Dọ́là ni atẹ̀wé fi ń pe owó, náírà ni òbí fi ń san owó ilé-ìwé. Títí di àárín oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì kọjá nǹkan bí náírà 470 ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀lé e, dọ́là ti ń lọ bí 1,500. Gbogbo dọ́là 10,000 tó wà nínú ínfọ́ìsì, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù náírà 4.7 ì bá san tẹ́lẹ̀, ti di mílíọ̀nù 15. Atẹ̀wé ò sì gbàgbé láti fi àfikún ọdọọdún tirẹ̀ lé e, bó ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí ínfọ́ìsì 2024 dé orí tábìlì, Bọ́sà wo ọ̀gá ilé ìkàwé, ó ní: "Ẹ má bínú mà. Tí mo bá san èyí, ẹ ó bá mi wá ẹni tí yóò máa ra dísù." Ọ̀gá náà kò jiyàn. V.C. nìkan ló lọ́ra, nítorí NUC. Ikọ̀ tó bá wá yẹ kọ́ọ̀sì wò máa ń wọ ilé ìkàwé, wọn a sì béèrè jọ́nà tó jẹ́ ti lọ́ọ́lọ́ọ́. Ṣùgbọ́n owó ò sí, ọ̀rọ̀ parí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 wọ́n kọ lẹ́tà ìlà mẹ́ta sí ajẹ́ǹtì pé àwọn kò ní san ti ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́tà náà ò sọ nǹkan kan nípa àwọn ọdún tó ti kọjá.

Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìgbà tí atẹ̀wé máa ń tẹ́tí sí ilé ìkàwé jù ni ìgbà tí kò tíì mọ̀ bóyá wọn á san tàbí wọn ò ní san. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló yẹ kéèyàn ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, tá a bá dúró, kí ni yóò kù fún wa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn lẹ́tà ìfagilé, ìwọ ló ń tọrọ.

Èsì àkọ́kọ́ tó gba ọwọ́ ajẹ́ǹtì wá kúrú: àyálò ni gbogbo ohun tí wọ́n ti ń kà, àyálò sì máa ń parí ni. Èsì yìí jẹ́ òtítọ́ dé ààyè kan. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn atẹ̀wé ńlá ti ń ta jọ́nà wọn ní àdìpọ̀. Ilé ìkàwé á máa san owó àwọn jọ́nà tó ti ń rà tẹ́lẹ̀, á fi díẹ̀ kún un, wọn á sì ṣí gbogbo yòókù fún un. Nínú àdìpọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun méjì tó yàtọ̀ síra ló wà lábẹ́ orúkọ kan. Àwọn jọ́nà tí wọ́n fi orúkọ yàn tí wọ́n sì sanwó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ń bẹ, àwọn tí wọ́n kàn ṣí sílẹ̀ fún wọn náà sì ń bẹ. Bí ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Yábàá ni: ọjà tó fi owó ara rẹ̀ kó wọlé, tirẹ̀ ni, kọ́ńtà àti fáànù tó bá níbẹ̀, ti onílé ni. Lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde ni ìjà máa ń dé, tí kò bá sí ìwé tó sọ èwo ni ti ta.

Ìwé yẹn gan-an ni ilé ìkàwé yìí kò ní. Ìyá tó ń bójú tó jọ́nà tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ní ìparí 2019, ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ò sì bá ju pásíwọ́ọ̀dù lọ. A pè wọ́n ní ilé wọn ní Ìkòròdú.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú pé a ń yọ yín lẹ́nu nínú ìsinmi."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìwé àdéhùn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá? Yahoo tèmi ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí nígbà náà. Ti ilé-ìwé kì í gbé fáìlì ńlá."

Ọmọ wọn ló bá wọn ṣí Yahoo náà. Ìwé àdéhùn 2014 sí 2016 wà níbẹ̀, ti 2017 sí 2019 náà wà, pẹ̀lú àwọn ímeèlì tí Màmá fi ń bá ajẹ́ǹtì fa ọ̀rọ̀ lórí abala kan sí òmíràn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọn ò kàn rí ibi tí wọn ì bá gbé e sí ni.

Àwọn ìwé tó kù, ọ́fíìsì Bọ́sà ni wọ́n wà. Lọ́dọọdún ni olùyẹ̀wò owó ti máa ń dá ìwé ilé ìkàwé padà, tó ń béèrè pé kí ni ẹ fi owó ńlá báyìí rà, ẹ to orúkọ wọn fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bá olùyẹ̀wò owó ṣiṣẹ́ rí ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń kùn sí i. Ṣùgbọ́n nítorí wàhálà rẹ̀ yẹn, ọdún kọ̀ọ̀kan ní ínfọ́ìsì tirẹ̀ tí wọ́n so orúkọ jọ́nà mọ́, pẹ̀lú ìwé báńkì tó fi hàn pé dọ́là jáde. Nínú páálí ni wọ́n wà, ní yàrá ìkẹ́rù, eruku bò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tó sọnù.

A wá tẹ́ ìwé àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta. Ti 2014 sí 2016 sọ ọ́ gbangba pé jọ́nà tí wọ́n bá fi orúkọ yàn, àwọn ẹ̀dà tó jáde lọ́dún tí wọ́n sanwó rẹ̀ jẹ́ tiwọn láti kà títí ayé, kódà bí àdéhùn bá parí. Ti 2017 sí 2019 sọ bákan náà, àmọ́ wọ́n ti fi ìrù kan sí i. Bí ilé ìkàwé kò bá ní jọ́nà kankan tó ń sanwó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ atẹ̀wé, yóò máa san owó ojú òpó lọ́dọọdún kó tó lè ka àwọn ti àtijọ́, tàbí kí ó gba ẹ̀dà fáìlì kó lọ gbé e sórí sáfà tirẹ̀, tàbí kí ó gba ọ̀dọ̀ ilé ìpamọ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀.

Ti 2020 ni ọgbẹ́. Àdéhùn tó ṣíwájú ti tán ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n sì ń fa ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ títí kóró fi dé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ìjọba ti Èkó pa. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé, wọ́n ń pariwo jọ́nà. Ajẹ́ǹtì fi fọ́ọ̀mù ojú ewé kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó ń delé dè wọ́n fọwọ́ sí i láti ilé. Fọ́ọ̀mù náà ò ní abala kankan nípa ohun tó máa kù; ó kàn sọ pé ìlànà tó wà lórí ojú òpó atẹ̀wé ni yóò máa darí ọ̀rọ̀. Ìlànà yẹn sì sọ pé àyálò ni gbogbo rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n kàn ń fi ímeèlì sún un síwájú títí dé 2023. Nítorí náà ọdún mẹ́rin tí náírà wọn jáde jù lọ ni wọn ò ní ohun kankan fi hàn fún. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni fẹ́ tàn wọ́n jẹ. Ẹni tó ń ta ọjà gbé fọ́ọ̀mù tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn wá ní ìgbà tí ẹni tó ń rà kò lè jókòó kà á.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ gbọ́ èyí, ara ta wọ́n. Dókítà kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé ní kí wọ́n ṣe bí California, kí wọ́n kéde síta kí gbogbo ayé gbọ́. Ọ̀gá ilé ìkàwé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ara wa ná."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ní oṣù Kejì ọdún 2019 ni Yunifásítì California dìde kúrò nídìí tábìlì atẹ̀wé ńlá tó ń jẹ́ Elsevier, àdéhùn tuntun ò sì dé títí di oṣù Kẹta ọdún 2021. Àwọn olùwádìí yunifásítì yẹn ló ń kọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo àpilẹ̀kọ ìwádìí tó ń jáde ní Amẹ́ríkà. Atẹ̀wé nílò wọn bí wọ́n ṣe nílò atẹ̀wé. Jámánì náà ṣe tirẹ̀ ní àpapọ̀ orílẹ̀-èdè: láti ìparí 2016 ni àdéhùn àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn pẹ̀lú Elsevier ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì di 2023 kí wọ́n tó fọwọ́ sí tuntun. Nígbà tí irú wọn bá kọ̀yìn sí atẹ̀wé, ariwo á dé etí àwọn olóòtú jọ́nà rẹ̀ fúnra wọn. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní Yábàá kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, Sẹ́nétì ilé ẹ̀kọ́ náà ì báà fi ohùn kan pariwo.

Ohun tí èèyàn kì í sábà rántí nínú ìtàn California ló wúlò fún wa. Nígbà tí wọ́n ti ojú òpó mọ́ wọn ní oṣù Keje ọdún 2019, àpilẹ̀kọ tuntun ni wọ́n pàdánù jù. Púpọ̀ nínú èyí tó jáde ṣáájú 2019 ṣì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí ìwé àdéhùn àtijọ́ ti sọ ọ́ di tiwọn. Wọn ò tọrọ ìyẹn. Àwa náà pinnu pé a ò ní tọrọ. A máa gbé ìwé kalẹ̀ ni, a ò sì ní sọ pé owó ò sí, torí ẹni tó bá ti sọ pé òun ò lówó, ẹ̀dínwó ni wọ́n máa bá a sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Lórí Zoom, aṣojú atẹ̀wé tó wà lókè òkun fi sùúrù gbọ́ tiwa, ó wá mú ìpèsè ẹ̀dínwó ọdún mẹ́ta jáde, tí a bá lè fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí. Ìpèsè náà dùn ún gbọ́. Ojú Bọ́sà tilẹ̀ là. Ọ̀gá ilé ìkàwé dáhùn pé: "A dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ ohun tá a ti rà ná, ká tó sọ ti ohun tá a máa rà." Mo gbà pé gbólóhùn yẹn ló gba ilé ìkàwé là. Tí ọjà tuntun bá ti wọnú ọ̀rọ̀ ọjà àtijọ́, ẹ̀tọ́ rẹ á di èènì tí wọ́n fi ń fà ọ́ lójú mọ́ra, ọdún tó bá sì tún fagi lé e, o tún ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Aṣojú náà ní kí a fún òun láyè kí òun wo àkọsílẹ̀ wọn. Àkọsílẹ̀ náà dé ní fáìlì KBART, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn atẹ̀wé àti ilé ìkàwé ti jọ gbà láti máa to orúkọ jọ́nà àti ọdún tí ẹnì kan lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ọdún 2014 kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ọdún 2016 ṣófo. Àwọn jọ́nà kan tó wà lórí ínfọ́ìsì wa kò sí níbì kankan.

Ti 2014 kò pẹ́ yanjú. Ajẹ́ǹtì ọ̀tọ̀ ni wọ́n lò lọ́dún yẹn, nọ́ńbà oníbàárà ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fún wọn. Nígbà tí wọ́n yí ajẹ́ǹtì padà, ẹnikẹ́ni ò so nọ́ńbà méjèèjì pọ̀. Ínfọ́ìsì inú páálí ní nọ́ńbà àtijọ́ lórí.

Ti 2016 ló gbà wá lákòókò, ó sì yẹ kí gbogbo ilé ìkàwé ní Nàìjíríà wo tiwọn wò dáadáa lórí rẹ̀. Ẹ rántí bí dọ́là ṣe wọ́n lọ́dún náà. Ní oṣù Kẹfà, náírà kúrò ní 197 sí òkè 280 lọ́jọ́ bíi mélòó kan, báńkì ò sì rí dọ́là fún ẹni tó ti kún Form A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè dọ́là ní báńkì, sílẹ̀ láti oṣù pípẹ́. Owó jọ́nà 2016 kò kúrò ní Èkó títí ọdún fi yí. Nígbà tó débẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ẹni tó gbà á lọ́hùn-ún kọ ọ́ sí abẹ́ ọdún 2017. Nígbà tí owó 2017 gan-an tún dé, ó kà á sí àsansílẹ̀, ó sì yọ ọ́ lára ìnáwó ọdún tó tẹ̀lé e. Lójú ẹ̀rọ wọn, ilé ẹ̀kọ́ yìí ò sanwó ní 2016. Ẹ̀dà ìwé SWIFT tí báńkì fún Bọ́sà ló tú u ká: nọ́ńbà ínfọ́ìsì 2016 ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí tí owó fi jáde. Ní ìparí, atẹ̀wé gbà pé àwọn ló kọ ọ́ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan owó ojú òpó. Atẹ̀wé gbà pé 2014 sí 2019 jẹ́ tiwọn, fún àwọn jọ́nà tí wọ́n fi orúkọ yàn. Ó wá ní kí wọ́n máa san owó ọdọọdún kí òun lè ṣí i. Ní dọ́là ni o. Ẹni tó sá fún dọ́là tún bá a ní ẹnu ọ̀nà.

A yẹ àwọn ọ̀nà tó kù wò. Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní òun lè gba fáìlì sórí sáfà, ṣùgbọ́n ó béèrè ìbéèrè tó yẹ: iná ta ni yóò máa gbé e? Sáfà kì í sùn, ó ń fẹ́ AC, ó ń fẹ́ ínfátà, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa wá nǹkan, nítorí fáìlì PDF tí wọ́n kó jọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ ibi tí ó wà. Ti ilé ìpamọ́, Portico tó ti wà láti 2005 máa ń ṣí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tí atẹ̀wé bá ti gbà. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, owó ọmọ ẹgbẹ́ náà sì wà níbẹ̀. CLOCKSS, ilé ìpamọ́ mìíràn tí àwọn kan dárúkọ, kò kan ọ̀rọ̀ wa: ìgbà tí jọ́nà bá parẹ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá ló máa ń ṣí i, fún gbogbo ayé sì ni.

Ìgbà tí a tún abala yẹn kà la rí ẹnu ọ̀nà. Owó ojú òpó wà fún ẹni tí kò ní jọ́nà kankan tó ń sanwó rẹ̀ lọ́wọ́. Abala náà ò sọ pé kó jẹ́ àdìpọ̀. Ẹyọ jọ́nà kan tó. A bi aṣojú náà léèrè tààrà lórí ìwé, ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò wọn, ó sì padà wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pinnu láti ra méjì, ọ̀kan fún ìmọ̀ oògùn, ọ̀kan fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Iye owó wọn ò jìnnà sí owó ojú òpó náà, ṣùgbọ́n jọ́nà tuntun wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè kà, tí wọ́n sì lè fi han NUC.

Èwo ni kí wọ́n rà? Díìnì méjèèjì ní orúkọ tí wọ́n fẹ́, àwọn jọ́nà tó gbajúmọ̀ ni, èyí tí èèyàn fẹ́ kí orúkọ òun jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó jọ́nà báyìí mú ìwé iye ìgbà tí wọ́n ka jọ́nà kọ̀ọ̀kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlànà COUNTER. Ọdún méjì péré ló ní, àwọn tí wọ́n tẹ̀ jáde fún NUC. Ìyókù wà lẹ́yìn ojú òpó tí wọ́n tì. Ìwọ̀nba náà tó. Jọ́nà díẹ̀ ló gbé gbogbo kíkà, ọ̀pọ̀ jaburata nínú àdìpọ̀ náà ni ẹnikẹ́ni ò ṣí rí. Ohun tí àwọn Díìnì fẹ́ kò sì sí lára àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Ọ̀gá ilé ìkàwé fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé, "Prof, ẹ̀yin lè rí àpilẹ̀kọ gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín lókè òkun. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀." Wọ́n ra ohun tí àwọn ọmọ ń kà.

Ọdún 2020 sí 2023 ti lọ ní tirẹ̀. Fún ìwọ̀nyẹn, ilé ìkàwé ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi Unpaywall sí Chrome wọn, kí àmì àgádágodo aláwọ̀ ewé máa tọ́ka ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu fún wọn; wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ímeèlì sí òǹkọ̀wé láti béèrè ẹ̀dà, èsì sì máa ń wá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ojú òpó AJOL wà fún jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ò bò ó pé Sci-Hub làwọn ń gbà, ojú òpó tó ń fi àpilẹ̀kọ síta lọ́fẹ̀ẹ́ láìgba àṣẹ atẹ̀wé. Ilé ìkàwé ò lè darí ẹnikẹ́ni síbẹ̀, àti pé láti ìgbà ẹjọ́ tó wà ní kóòtù Íńdíà ní ìparí 2020, kò fi bẹ́ẹ̀ kó tuntun wọlé mọ́. Púpọ̀ nínú ohun tó jáde láwọn ọdún tí wọ́n nílò ni kò sí níbẹ̀.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè ìdí tá a fi ń dá ara wa láàmú nígbà tí Research4Life wà, ètò tó ń ṣí jọ́nà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n ń lò ó, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́: HINARI ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2002, ARDI ti WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ, láti 2009 fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé ló ń pinnu orílẹ̀-èdè tí yóò ṣí jọ́nà rẹ̀ fún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011 àwọn atẹ̀wé kan yọ jọ́nà wọn kúrò lójijì fún Bangladesh lórí HINARI, wọ́n ní wọ́n ti ń rí ọjà tà níbẹ̀. Ariwo tó tẹ̀lé e ló mú kí wọ́n dá a padà. Ohun tí ilé ìkàwé yìí gbà ní 2014 sí 2019 kì í ṣe irú ìyẹn. Ìwé wà lórí rẹ̀.

Atẹ̀wé ṣí àwọn ọdún mẹ́fà náà ní oṣù Keje ọdún 2024. Lẹ́tà kan tẹ̀lé e tí orúkọ gbogbo jọ́nà àti ọdún wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó láṣẹ sì fọwọ́ sí i. Ilé ìkàwé béèrè ẹ̀dà fáìlì pẹ̀lú, nítorí àdéhùn gbà wọ́n láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáfà kò tíì sí. Dísíìkì náà wà ní sééfù Bọ́sà. Àdéhùn jọ́nà méjì tuntun ní ohun tí fọ́ọ̀mù 2020 kò ní: orúkọ tí a so mọ́ ínfọ́ìsì lọ́dọọdún, ọjọ́ tí owó kúrò ní báńkì ní Èkó ni yóò jẹ́ ọjọ́ ìsanwó, àti pé ohunkóhun tó bá wà lórí ojú òpó atẹ̀wé kò lè bori ohun tí a jọ fọwọ́ sí. Ímeèlì ilé ìkàwé ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Màmá ní Ìkòròdú, wọ́n sì dáhùn pé àwọn ti rí i, àmọ́ kí wọ́n ṣàtúnṣe ọjọ́ tó wà lójú ewé kejì. Òótọ́ ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní àṣìtẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni àwọn jọ́nà tí kò sí níbì kankan nínú àkọsílẹ̀ atẹ̀wé. Ti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ náà ti kó wọn kúrò lọ́dọ̀ atẹ̀wé yìí lọ sọ́dọ̀ òmíràn ní 2018. Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ Transfer, NISO, àjọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ilé ìkàwé àti atẹ̀wé, ló ń bójú tó o, ó sì sọ pé atẹ̀wé tó gba jọ́nà gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ tí àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ní. Kò pọn dandan fún atẹ̀wé láti tẹ̀ lé e, àfi tó bá gbà fúnra rẹ̀. A ti fi ínfọ́ìsì 2014 sí 2017 ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kejì. Ó ti kọ̀wé padà, ó ń béèrè nọ́ńbà oníbàárà.